Kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta láti Ìkògòsì

Nínú báàsì tó kó àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ wẹ̀ nínú omi lílọ́ wọ́wọ́ ní Ìkògòsì, ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ni èmi náà wà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹ má baà rò pé ńṣe ni mo jókòó sí Àkúrẹ́ tí mò ń ka àṣìṣe ẹlòmíì. Èmi ni mo bá wọn ti ọ̀kan nínú àwọn kẹ́ẹ̀gì omi tí wọ́n pọn níbẹ̀ sábẹ́ ìjókòó. Ọdún 33 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo mọ̀ pé ìyá tó ni kẹ́ẹ̀gì ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo mọ̀ pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ, mo sì rí i pé kì í ṣe torí òùngbẹ ni wọ́n ṣe ń pọn omi lọ sílé. Mo dákẹ́. Inú gbogbo èèyàn ń dùn, n kò sì fẹ́ jẹ́ nọ́ọ̀sì tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbádùn ara rẹ̀.

Ìyá Aláṣọ la ń pè wọ́n. Wọ́n ti yọ̀ǹda kí n kọ ọ́. Wọ́n ní kí n má ṣáà dárúkọ àwọn, kí n má sì purọ́ mọ́ ẹsẹ̀ àwọn.

Ẹni ọdún 71 ni wọ́n nígbà náà. Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń ta àǹkárá àti léèsì ní Ọjà Ọba, orí àpótí kékeré kan náà ni wọ́n sì ń jókòó sí, eékún á ká bíi ti ẹni tó ń bó ẹ̀gúsí. Orúnkún ọ̀tún ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ti òsì tẹ̀lé e. Wọ́n ti lo ewé tí àwọn ẹlẹ́wẹ́ ọmọ júwe, wọ́n ti fi òrí àti róòbù pa á, wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ ní kẹ́mísì. Àwòrán tí wọ́n yà ní ọsibítù fi hàn pé kèrékèré tó wà láàrin egungun méjèèjì ti jẹ. Àwọn físíò, àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, kọ́ wọn ní eré ẹsẹ̀ tí wọn yóò máa ṣe nílé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ṣe é.

Amlodipine ni wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, Metformin fún àtọ̀gbẹ, ó sì ti di ọdún kẹsàn-án. Ohun kan wà tí wọn kò sọ fún dókítà. Nǹkan bí ọdún méjì ṣáájú ìrìn-àjò wa, àtẹ́lẹsẹ̀ máa ń ta wọ́n lóru bí ìgbà tí ìjàlọ bá ń rìn níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Wọ́n dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní àdúrà ti gbà. Ohun tí ẹni tó mọ àtọ̀gbẹ yóò gbọ́ nínú ìròyìn yẹn yàtọ̀: iṣan ìmọ̀lára tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ ló ti ń kú. Ẹsẹ̀ kò sàn o, ńṣe ni kò lè ké mọ́.

Bí a ṣe lọ

Ọmọ wọn obìnrin tó wà ní Èkó ló sanwó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Àkúrẹ́ ló ṣètò ìrìn-àjò náà. Òkè Ìdànrè ló sábà máa ń kó àlejò lọ, kí wọ́n gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600, kí wọ́n rí ààfin àtijọ́ lórí àpáta, kí wọ́n sì dé Omi Apáàrá, tí ọ̀pọ̀ gbà pé ó ń wo àrùn. Àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní àwọn náà fẹ́ omi tó ń wo àrùn, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé àwọn gun àtẹ̀gùn? Ó ní kò burú, ká lọ sí Ìkògòsì. Bí ìrìn-àjò ìlera tiwa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: àtẹ̀gùn la sá fún.

Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ Èkìtì kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1 Oṣù Kẹwàá 1996, ìpínlẹ̀ mìíràn ni Ìkògòsì wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n àwa tí a dàgbà ní Àkúrẹ́ kò tíì kà á sí ilẹ̀ òkèèrè. Ìgbàrà-Òkè la gbà. Nígbà tí a dé Ògòtún, àwọn ìyá ní kí awakọ̀ dúró kí àwọn ra ẹní, nítorí bí èèyàn bá gba Ògòtún kọjá láìra ẹní, kí ló lọ ṣe? Ó gbà wá ní wákàtí kan gbáko.

Ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó bá wa lọ ti gbé fóònù rẹ̀ sókè tó ń ka nípa Ìkògòsì fún wa. Ó kà á pé omi náà gbóná tó 70°C níbi tó ti ń sun. Gbogbo báàsì ké “Háà!” Mo gbọ́, mo sì rò pé kò sí ohun tí ìyẹn lè bàjẹ́.

Omi méjì ló ń sun níbẹ̀, ọ̀kan lọ́ wọ́wọ́, ọ̀kan tutù, wọ́n sì pàdé ara wọn lójú kòrókòró. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ìyàwó méjì tí ọdẹ kan fẹ́ ló di omi méjèèjì, èyí tí ara rẹ̀ gbóná àti èyí tí ara rẹ̀ tutù. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní tiwọn sọ pé òjò ló ń rọ̀, tí omi rẹ̀ ń gba inú sísán àpáta wọlẹ̀ lọ jìnnà títí yóò fi dé ibi tí inú ilẹ̀ ti gbóná, kó tó tún gòkè wá. Kò sí òkè oníná kankan nítòsí. Ìgbóná tí wọ́n wọ̀n níbi tó ti ń jáde kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ti ara èèyàn lọ, nǹkan bí 37 sí 38°C. Ìwọ̀n 70°C tí gbogbo ayé ń kà fúnra wọn, ẹni tó bá ti fi ẹsẹ̀ bọ omi náà mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Omi 70°C kì í ṣe omi ìwẹ̀, omi tí a fi ń rẹ adìẹ kí a tó tu ìyẹ́ rẹ̀ ni.

Ohun tí omi ṣe

Ó ṣiṣẹ́. Mi ò ní purọ́ nípa ìyẹn.

Bí omi bá mu èèyàn dé ìbàdí, nǹkan bí ìdajì ìwúwo ara ló kù lórí ẹsẹ̀. Bó bá dé àyà, orúnkún fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé ẹnì kan wà lórí òun. Omi tó lọ́ wọ́wọ́ ń tú iṣan tó ti so kókó, ó ń la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, ìrora á fà sẹ́yìn. Ìyá Aláṣọ, tí wọ́n gbé sọ̀kalẹ̀ nínú báàsì pẹ̀lú ọ̀pá, ń rìn nínú omi lọ sókè sódò bí ọmọge. Wọ́n ń pè mí: “Nọ́ọ̀sì, ẹ wò mí! Ṣé ẹ ń wò mí?” Lálẹ́ ọjọ́ kejì wọ́n dìde lórí àga láìdi ohunkóhun mú, gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́ fún pọ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta wọn kò jókòó lórí àpótí. Wọ́n sùn dáadáa, wọ́n jẹun lásìkò, wọ́n ń rìn láti ibùsùn dé etí omi lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Èmi sì ń rán wọn létí oògùn wọn láàárọ̀ àti lálẹ́, ohun tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe fún wọn nílé. Ṣùgbọ́n ta ló máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Amlodipine?

Àmì kan tún wà tí mo kàn fojú fò. Bàbá kan nínú wa jókòó sínú omi ju bó ṣe yẹ lọ, nígbà tí wọ́n dìde lójijì, òòyì kọ́ wọn, díẹ̀ ló kù kí wọ́n fi orí gbá ilẹ̀. Omi tó ń la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ń rẹ ìfúnpá rẹ̀ sílẹ̀, bàbá náà sì ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láàárọ̀, nítorí náà agbára méjì ló fà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A fún wọn lómi mu, a fẹ́ atẹ́gùn sí wọn, a rẹ́rìn-ín sí i. Ó yẹ kí ìyẹn ti la ojú mi.

Lọ́jọ́ tí a ń bọ̀ wálé ni Ìyá Aláṣọ gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta jáde, onílítà 25 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. N kò lè bínú sí wọn. Ìyá tó bí wọn lọ́mọ wà lára ogunlọ́gọ̀ tó rọ́ lọ sí Òkè-Oòyè ní Iléṣà ní 1930, nígbà ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí àwọn èèyàn ń gbé omi tí a gbàdúrà sí padà sílé. Wọ́n dàgbà bá ìgò omi kan lórí pẹpẹ ilé wọn, tí ìyá wọn máa ń kán sínú omi ìwẹ̀ ọmọ tó bá ń ṣàìsàn. Lójú wọn, omi tó ń wo àrùn tí èèyàn fi sílẹ̀ lọ, ìwà aláìmoore ni.

Omi náà ti tutù kí a tó padà dé Ìgbàrà-Òkè.

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún

Ohun tí mo fẹ́ kọ báyìí, àwọn àti ìyàwó ọmọ wọn ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà.

Láàárọ̀, ife omi kan kí wọ́n tó fẹnu kan nǹkan. Wọ́n gbé oògùn méjèèjì sínú dúrọ́ọ̀, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí oògùn àti omi máa jà nínú àwọn. Omi tó tú orúnkún, kí ló dé tí kò ní lè tú ẹ̀jẹ̀? Bẹ́ẹ̀, omi Ìkògòsì yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ kan ti bù sínú ìgò tà, tí gbogbo wa mọ̀ sí Gossy. Omi mímu ni wọ́n pè é lára ìgò, kò sí ẹni tó ra Gossy tó da oògùn rẹ̀ nù.

Lálẹ́, ẹsẹ̀ nínú bàsíà. Ní alẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, bí omi ṣe wà nínú kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ṣe lò ó. Kò ran orúnkún lọ́wọ́. Wọ́n ti padà sórí àpótí ní Ọjà Ọba, ìrora sì ti padà. Wọ́n rò pé omi ti kú torí pé ó tutù. Ibẹ̀ ni ohun tí ọmọ yẹn kà nínú báàsì ti padà wá: 70°C ni omi yìí wà ní orísun rẹ̀. Wọ́n ní kí ìyàwó ọmọ gbé e kaná.

Kò sí tẹmómítà nílé. Ó gbé e kaná títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó ní etí ìkòkò, ó dà á sínú bàsíà, ó dúró díẹ̀, Màmá sì ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́. Ọmọ-ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti ìka bọ omi náà, ó sì ké. Wọ́n ní awọ ọmọdé ló rọ̀.

Omi tó bá gbóná dé 60°C, ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún péré ló ń gbà kó tó jó àgbàlagbà jinlẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yè á ti fò sókè kó tó pé ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyá Aláṣọ jókòó síbẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò. Wọ́n sọ fún mi pé àwọn mọ ooru náà ní ojúgun, ó sì tù àwọn lára.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ méjèèjì ti ru ìléròrò. Kò dùn wọ́n, nítorí náà wọ́n ní àrùn ló ń jáde. Wọ́n fi òrí pa á, wọ́n sì tún ki ẹsẹ̀ bọ omi lálẹ́ ọjọ́ kejì. Ká ní wọ́n mọ̀ ni, omi ẹ̀rọ lásán tó tutù, tó ń ṣàn lórí ẹsẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú lálẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, ìbá ti gba púpọ̀ sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún tí a dé ni ìyàwó ọmọ pè mí. Kì í ṣe ìrora ló jẹ́ kó pè, òórùn ni.

Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn jẹ́ 206/114 nígbà tí mo wọ̀n ọ́ lórí àga yàrá ìgbàlejò. Ṣúgà jẹ́ 342. Méjèèjì ti ga kọjá ààlà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ń gbẹ díẹ̀díẹ̀. Ti òsì, egbò ti jẹ wọ abẹ́ ọmọ ìka tó kéré jù, ọmọ ìka náà sì ti dúdú. Wọ́n ń wo ojú mi. Nọ́ọ̀sì tó ti ṣiṣẹ́ ọdún 33 yẹ kó mọ bí a ti ń mú ojú dúró, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ojú mi já mi jù sílẹ̀. “Ó burú tó bẹ́ẹ̀?” Mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

Ọjọ́ 19 ni wọ́n lò ní ọsibítù. Wọ́n gé ọmọ ìka náà. Egbò tó kù gba ọ̀sẹ̀ 13 kó tó jinná.

Ọmọkùnrin tó kó wa lọ

Ó wá kí wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàrin wọ́ọ̀dù. Kò jẹ̀bi ju èmi lọ, ohun tí mo sì sọ fún un nìyẹn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó bi mí pé, “Mọ́mì, ṣé kí n pa iṣẹ́ yìí tì ni?”

Rárá. Ohun tí mo rò láti ọjọ́ yẹn ni pé omi kọ́ ni àwọn ìlú olómi ìwòsàn ilẹ̀ Yúróòpù fi jù wá lọ. Lọ́dún 2021, UNESCO kó 11 irú ìlú bẹ́ẹ̀ láti orílẹ̀-èdè méje sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé, ọ̀kan nínú wọn ni Karlovy Vary ní ilẹ̀ Czech. Ìsun omi tó lókìkí jù níbẹ̀, Vřídlo, gbóná dé nǹkan bí 73°C ní tòótọ́, kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá gba ìtọ́jú níbẹ̀ kì í kàn bọ́ láti inú ọkọ̀ sínú omi. Dókítà á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, á kọ ìsun tí yóò mu nínú rẹ̀ fún un, iye tí yóò mu àti ìgbà tí yóò mu ún. Ife pẹlẹbẹ kan wà tí igbá ọwọ́ rẹ̀ ní ihò tí wọ́n ń gbà fa omi náà díẹ̀díẹ̀, kí ó lè máa tutù. Ní Hévíz ní ilẹ̀ Hungary, ọsibítù oríkèé ríro wà lẹ́bàá adágún gbígbóná gan-an. Omi wọn jẹ́ iṣẹ́ ìlera nítorí pé ẹnì kan tó ń béèrè ọ̀rọ̀ dúró láàrin omi àti ara.

Àwọn náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ní ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọbìnrin kan kú ní 1978 lẹ́yìn tó lúwẹ̀ẹ́ nínú omi gbígbóná ibẹ̀. Kòkòrò tín-tìn-tín kan tó fẹ́ràn omi lílọ́ wọ́wọ́ ló gba imú rẹ̀ wọ ọpọlọ. Wọ́n ti ibi ìwẹ̀ náà pa. Ìdí nìyẹn tí n kò fi jẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń bá wa lọ báyìí fi orí bẹ́ sínú omi, bí wọ́n tilẹ̀ ń pè mí ní àǹtí oníwàhálà.

Mo fún ọmọkùnrin náà ní èrò tó máa wọ etí oníṣòwò. Ẹni tó bá lọ sí Ìkògòsì fún ọjọ́ mẹ́ta, owó ọjọ́ mẹ́ta ló ná. Ní Jámánì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni irú ìtọ́jú yìí sábà máa ń gbà, ilé ìtura, olóúnjẹ àti físíò ló sì ń jẹ nínú rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà fún ìmọ̀ ìṣègùn nìkan ti wà ní ìlú Oǹdó láti 2015, kò yẹ kí físíò ṣòro láti rí mú lọ. Ó ní kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru ná.

Ó rà á. Báyìí, tí ìrìn-àjò bá ti ku ọ̀la, mo máa ń gbé tábìlì síta lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, mo ń wo oògùn nínú báàgì, mo ń ní kí oníṣúgà bọ́ bàtà kí n fi òwú kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó bá di ojú. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé òwú kan òun, a kì í lé e padà, ṣùgbọ́n ẹlòmíì ló ń bá a dán omi wò, pẹ̀lú ìgbọ̀nwọ́. Nínú omi, 15 ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà kí èèyàn jókòó sétí rẹ̀ kó tó dìde. Ẹni tó bá ní egbò kò ní wọlé rárá. Mo ti dá bàbá kan dúró tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tó ń mí gúlegúle. Inú bí wọn, wọ́n ní mo ti gba owó lọ́wọ́ ọsibítù. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n rí i pé ọkàn wọn ló ń ṣàìsàn. Wọn kò tíì dárí jì mí.

Lórí kẹ́ẹ̀gì, èmi àti ọmọkùnrin náà jà díẹ̀. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má gbé omi wálé mọ́. Ó ní bí òun bá sọ bẹ́ẹ̀, ìdajì àwọn èèyàn òun kò ní wá. A parí rẹ̀ sí ìgò lítà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì ń sọ ọ́ nínú báàsì láti ẹnu ara rẹ̀ pé ẹ̀bùn ni, oògùn kọ́, kí wọ́n má gbé e kaná.

Ìyá Aláṣọ ti gbé àpótí jù sílẹ̀, orí àga gíga ni wọ́n ń jókòó sí lọ́jà báyìí, wọ́n sì ń ṣe eré ẹsẹ̀ wọn lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, tí àwọn oníbàárà ń wò wọ́n. Wọ́n tún bá wa lọ sí Ìkògòsì lẹ́yìn tí egbò ti jinná pátápátá. Èmi ni mo dán omi wò fún wọn. Kẹ́ẹ̀gì kẹta ṣì kún nígbà tí wọ́n ti ọsibítù dé, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún wọn pé kí wọ́n dà á nù. Ewédú tó wà lẹ́yìn ilé ni wọ́n fi ń bu rin, ife kan láàárọ̀, kó tó tán.